Bí ẹ ṣe lè fi áàpù orí fóònù kọ́ èdè Faransé títí yóò fi dé ẹnu yín

Mo ti fi 110 ọjọ́ tẹ fóònù láìpa ọjọ́ kan jẹ kí n tó dúró níwájú ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Dantokpa, ní Kútọnu. Áàpù ti pàtẹ́wọ́ fún mi títí, ó ti fún mi ní ife-ẹ̀yẹ, ó ní ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ ti lé ní 900. Mo bi ìyá náà pé mélòó ni. Ó ní "quatre mille sept cents". Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo sinimá tí wọ́n ti pa ohùn rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mi ò tíì kọ́. Ká ní ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ǹ bá kà á láìkọsẹ̀. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ò wọlé, ó fa ẹ̀rọ ìṣirò yọ, ó tẹ 4700, ó dojú rẹ̀ kọ mí.

Ohun tó ṣe mí yìí ló ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ èdè lórí fóònù. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ń ṣe é nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń ṣe é lórí ibùsùn, àmọ́ àtàǹpàkò wọn ni wọ́n ń kọ́ níṣẹ́, etí àti ẹnu kò sí níbẹ̀.

Mi ò sọ pé áàpù ò wúlò o. Lọ́dún 2012, iléeṣẹ́ tó ni áàpù Duolingo sanwó fún ìwádìí kan tó sọ pé ẹni tó bá lo nǹkan bíi wákàtí 34 lórí rẹ̀ fún èdè Sípéènì yóò mọ ohun tó tó èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń mọ̀ ní sáà kan ní yunifásítì Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n kò ní kí ẹnikẹ́ni la ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹ tún wo iye wákàtí yẹn dáadáa: ẹni tó ń ṣe ìṣẹ́jú 5 lóòjọ́, torí kí iná kékeré tí áàpù fi ń ka ọjọ́ tí ẹ ò pa jẹ má baà kú, yóò lo 408 ọjọ́ kí wákàtí 34 tó pé. Ẹni tó ń ṣe ìṣẹ́jú 30 yóò pé e ní 68 ọjọ́.

Ètò tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí gba 90 ọjọ́. Faransé ni mo mú torí pé téèyàn bá ti kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òun ni èdè ìjọba, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá kiri nítorí Kánádà. Ẹni tó ń kọ́ èdè Jámánì lè tẹ̀ lé ìpele kan náà, ìpele kẹta ni yóò yí padà jù fún un.

OHUN TÍ Ẹ MÁA KÓ SÍLẸ̀

Fóònù Android kan, kò pọn dandan kó jẹ́ olówó ńlá. Earpiece oníwáyà tó ní máìkì. Ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò.

Áàpù ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ẹ lè mú Duolingo, ẹ sì lè mú èyí tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n TV5MONDE ṣe fún kíkọ́ Faransé, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì ń fi fídíò gidi kọ́ni láti A1 (ti olùbẹ̀rẹ̀) dé B2 (ti ẹni tó ti gbọ́ èdè náà dáadáa). Ẹ má kó méjèèjì pọ̀ lóṣù àkọ́kọ́.

AnkiDroid, fún káàdì ìrántí. Ọ̀fẹ́ ni lórí Android. Ti iPhone ni wọ́n ń gbowó lé lórí, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń lò lórí kọ̀ǹpútà kò ní owó nínú.

Gboard, ìyẹn kíbọọ̀dù Google, kí ẹ fi èdè Faransé kún un nínú sẹ́tíǹgì, kí ẹ lè máa fi ohùn kọ̀wé. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ti wà lórí fóònù yín tẹ́lẹ̀.

Ìṣẹ́jú 35 lóòjọ́: 15 fún áàpù ẹ̀kọ́, 10 fún káàdì, 10 fún ẹnu. Ẹni tí kò bá rí 35, kó gé ti áàpù ẹ̀kọ́ kù, kó má fọwọ́ kan ti ẹnu.

Ẹ má tíì san owó ọdún kan fún áàpù kankan. Mo ti ṣe é rí, oṣù méjì ni mo lò nínú méjìlá.

ÌPELE 1: Ẹ PINNU IBI TÍ Ẹ TI MÁA LO ÈDÈ NÁÀ

Kí ẹ tó ṣí áàpù rárá, ẹ kọ gbólóhùn 10 tó dá yín lójú pé ẹ máa nílò. Yorùbá ni kí ẹ fi kọ wọ́n, bó ṣe máa jáde lẹ́nu yín gan-an. Tó bá jẹ́ ọjà lẹ fẹ́ máa ná, ẹ lè ní: "Èló lẹ fẹ́ gbà jálẹ̀?" "Ẹ bá mi dín in díẹ̀." "Ṣé ẹ ní ṣéńjì?" "Ẹ rọra sọ ọ́, kò yé mi." Tó bá jẹ́ Kánádà ni, ẹ rántí pé TEF Canada àti TCF Canada, ìdánwò Faransé tí àwọn tó fẹ́ ṣí lọ síbẹ̀ ń ṣe, ń dán ìgbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ wò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin; nítorí náà gbólóhùn yín máa jẹ mọ́ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ẹbí yín, àti ìdí tí ẹ fi fara mọ́ nǹkan tàbí tí ẹ ò fi fara mọ́ ọn.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ṣe èyí ni pé áàpù kò mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ó lè kọ́ yín bí ẹṣin ṣe ń jẹ ápù ní oṣù kan gbáko kó tó kọ́ yín bí a ṣe ń béèrè ṣéńjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá Faransé wọn. Ti ọjà tí mo kọ lókè yìí, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí nìyí: "C'est à combien, dernier prix?" "Il faut diminuer un peu." "Vous avez la monnaie?" "Doucement, s'il vous plaît, je n'ai pas compris." Fún èyí tó kù, ẹ lo ẹ̀rọ ìtumọ̀, kí ẹ sì fi hàn ẹnì kan tó gbọ́ Faransé kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ kì í sábà mọ "ẹ jọ̀ọ́" ti ọjà yàtọ̀ sí "ẹ jọ̀ọ́" ti kóòtù.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà: wọ́n á kọ gbólóhùn 60. Ẹ kọ mẹ́wàá péré.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yọrí: ẹ pa ìwé dé, kí ẹ ka gbólóhùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lórí ní Yorùbá. Èyí tí ẹ bá gbàgbé, ẹ ò nílò rẹ̀. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi òmíràn rọ́pò.

ÌPELE 2: Ẹ TÚN ÁÀPÙ TÒ

Áàpù tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí fóònù ni wọ́n ti tò kó dẹrùn, torí kí ẹ má baà sá lọ. Ẹ lọ sínú sẹ́tíǹgì.

Ẹ pa ìdíje rẹ́, tó bá ṣeé pa. Èmi mọ ẹni tó ń tún ẹ̀kọ́ "bonjour" ṣe nígbà 20 lóru Sátidé kó má baà já sílẹ̀ nínú líìgì. Ó borí lóòótọ́.

Níbi tí wọ́n bá ti to ọ̀rọ̀ síwájú yín pé kí ẹ ṣà á jọ, ẹ wò ó bóyá àyè wà láti fi kíbọọ̀dù kọ ọ́ fúnra yín. Tí kò bá sí, ẹ fi ọwọ́ bo ìsàlẹ̀ fóònù, kí ẹ sọ gbogbo gbólóhùn náà jáde lẹ́nu kí ẹ tó wo ohun tí wọ́n tò. Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú ìpele yìí. Ṣíṣa ọ̀rọ̀ dà bí ìgbà téèyàn rí ojú ẹnì kan lójú pópó tó ní "mo mọ ẹni yìí". Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn pe orúkọ rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yọrí: ẹ̀kọ́ tí ẹ ń parí ní ìṣẹ́jú 3 tẹ́lẹ̀ á máa gba ìṣẹ́jú 6 tàbí 7, ẹ ó sì máa kùnà. Tí ẹ ò bá kùnà rárá, ẹ ṣì ń wo ìsàlẹ̀ fóònù.

ÌPELE 3: ÌRÓ OHÙN (Ọ̀SẸ̀ MÉJÌ)

Ẹ má sáré kọjá ibí yìí. Duolingo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wa ní Faransé, nítorí náà ó ń ṣàlàyé ìró fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu tiwa yàtọ̀. Ohun tó nira fún wọn ti wà nílé wa, ohun tó rọrùn fún wọn sì lè gbé wa ṣubú.

Èyí tó wà nílé: "é" inú "café" ni e wa gan-an. "è" inú "mère" ni ẹ. "eau" inú "beau" ni o. "o" inú "porte" ni ọ. Ẹni tó lè pe "owó" àti "ọwọ́" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ti borí níbi tí ọ̀pọ̀ Òyìnbó ń kú sí. Ìró inú imú náà, a ti ní in: "vin" ń dún bí ẹn inú "ìyẹn", "bon" sì ń dún bí ọn inú "ìbọn".

Pańpẹ́ kan wà níbẹ̀ ṣá. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, an àti ọn, bí a tilẹ̀ ń kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohùn kan náà ni lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa: ẹ pe "ìtàn", kí ẹ pe "ìbọn", kí ẹ gbọ́ òpin wọn. Faransé ya méjèèjì sọ́tọ̀. "Cent" ni ọgọ́rùn-ún, "son" ni ohùn. "Blanc" ni funfun, "blond" ni àwọ̀ irun. Fún "an", ẹ la ẹnu gbàgà, kí ètè má ká. Fún "on", ẹ ká ètè bí ẹni fẹ́ pe o. Tí ẹ bá pe méjèèjì bákan náà, owó ni ẹ máa fi ṣe àṣìṣe.

Èyí tí kò sí nílé ni v, z, p àti u. Ilé ìwé ti kọ́ ọ̀pọ̀ wa ní v àti z, àmọ́ tí ahọ́n bá ń sáré, "vous" á di "fù", z á sì di s. Nínú Faransé, z yìí kì í ṣe eré. "Ils ont" túmọ̀ sí pé wọ́n ní, "ils sont" túmọ̀ sí pé wọ́n jẹ́, z àti s nìkan ló là wọ́n láàárín. "Vous avez" ni ẹ ní, "vous savez" ni ẹ mọ̀. "Poisson" ni ẹja, "poison" ni májèlé, ẹ sì lè fojú inú wo ẹni tó lọ béèrè rẹ̀ ní búkà. P tiwa máa ń gbé k dání, bí inú "pápá". Ti Faransé kò ní k nínú, ètè nìkan ló ń pè é.

Ní ti u inú "rue": ẹ gbé ahọ́n sí ibi tí ẹ ti ń pe i. Ẹ má jẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Kí ẹ wá ká ètè bí ẹni ń súfèé. Ohun tó bá jáde, òun nìyẹn. Tí ahọ́n bá yọ̀ sẹ́yìn, "rue", ìyẹn òpópónà, á di "roue", ìyẹn ẹsẹ̀ ọkọ̀; "dessus", orí, á di "dessous", ìsàlẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ ìparí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sórí kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà ẹnu wa máa ń fi i kún un: "avec" á di "afẹ́kì", "quatre" á di "kátírì". Ẹ gé e kúrú, kí ẹ má fi ohunkóhun tì í lẹ́yìn.

Bí a ṣe ń dá a kọ́ nìyí. Ẹ ṣí ibi ìkọ̀wé kan, ẹ yí Gboard sí Faransé, ẹ tẹ máìkì, kí ẹ pe ọ̀rọ̀ méjì-méjì wọ̀nyí: poisson/poison, rue/roue, dessus/dessous, deux heures/douze heures, ils ont/ils sont. Fóònù máa kọ ohun tó gbọ́. Ìyẹn kì í pọ́nni, kì í sì í bú ni. Ẹ ṣe é ní ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà: wọ́n á sọ gbólóhùn gígùn fún Gboard, á kọ ọ́ dáadáa, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́ Faransé. Gbólóhùn gígùn ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti méfò. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni kí ẹ fi dán ara yín wò.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yọrí: nínú ọ̀rọ̀ 10, kó kọ 7 gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe gbèrò rẹ̀, ní ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn. Bí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún un.

ÌPELE 4: ÌṢẸ́JÚ 15 LÓRÍ ÁÀPÙ Ẹ̀KỌ́

Etí ṣáájú ojú. Tí gbólóhùn bá jáde, ẹ yí ojú fóònù sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ tún un sọ tẹ̀ lé e. Ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wò ó.

Ní ìparí, ẹ pa áàpù dé, kí ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ gbogbo gbólóhùn tí ẹ bá rántí láìwo ibì kankan. Ó máa ń dunni níbẹ̀rẹ̀, torí pé méjì péré ló máa ń jáde. Ẹ má bínú. Àwọn olùwádìí méjì, Roediger àti Karpicke, ṣe ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006: wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa tún ìwé kà, kí àwọn kan sì máa dán ara wọn wò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó dán ara wọn wò ló ṣì rántí. Áàpù tí a kàn ń wò máa ń dùn bíi ti ìṣẹ́jú 5 yẹn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yọrí: láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó fọ ẹnu, ẹ lè sọ gbólóhùn mẹ́ta nínú ti àná.

ÌPELE 5: KÁÀDÌ ÌRÁNTÍ

AnkiDroid ń gbé káàdì wá ní àkókò tí ẹ fẹ́ẹ̀ gbàgbé rẹ̀. Èyí tí ẹ mọ̀ yóò pẹ́ kó tó padà, èyí tí ẹ ò mọ̀ á padà kíákíá. Kò lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó wà lórí fóònù mi, òun ni mo lè fi ṣẹ̀rí.

Ẹ ṣe káàdì yín fúnra yín. Iwájú rẹ̀, Yorùbá. Ẹ̀yìn rẹ̀, Faransé àti ohùn. Gbólóhùn 10 ti ìpele àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i, kí ẹ tó máa fi èyí tí ẹ bá kọ́ lórí áàpù kún un. Fún ohùn, ẹ kọ gbólóhùn náà sínú Google Translate, kí ẹ tẹ agbóhùnsókè, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Tàbí kí ẹ bẹ ẹni tó gbọ́ Faransé kó kà á.

Wọ́n tò ó pé kí káàdì tuntun jẹ́ 20 lójúmọ́. Ẹ dín in sí 7. Ogún máa ń dùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, àtúnyẹ̀wò á ti ga bí òkìtì ọ̀gán, ẹ ó sì sá.

Bọ́tìnnì mẹ́rin ló wà lábẹ́ káàdì: Again, Hard, Good, Easy. Ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n bá gbàgbé ọ̀rọ̀, ojú á tì wọ́n láti tẹ Again, wọ́n á tẹ Hard. Hard túmọ̀ sí pé ẹ rántí rẹ̀ tipátipá. Áàpù á gbà yín gbọ́, á gbé káàdì náà jìnnà, ọ̀rọ̀ náà á sì sọnù pátápátá. Ẹ gbàgbé? Again ni. Kò sẹ́ni tó ń wò yín.

Nǹkan mẹ́ta wà tí káàdì yín gbọ́dọ̀ ní, tí a kì í sábà rí nínú èyí tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀.

Ọ̀kan ni "un" (akọ) àti "une" (abo). Yorùbá ní "ó" fún ọkùnrin, obìnrin, àga àti ewúrẹ́. Faransé fi akọ tàbí abo sí ohun gbogbo. Ẹ má kọ "table" nìkan, "une table" ni kí ẹ kọ. Ẹni tó kọ́ ọ̀rọ̀ láìsí èyí yóò padà wá kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Èkejì ni "tu" àti "vous", ìyẹn "ìwọ" àti "ẹ̀yin". Gẹ̀ẹ́sì tí áàpù fi ń kọ́ yín kò ní irú rẹ̀ mọ́, nítorí náà yóò lo àlàyé gígùn fún ohun tí ìyá yín ti fi pàṣán kọ́ yín. Lórí káàdì, ẹ kọ "ẹ" níwájú tó bá jẹ́ "vous", ẹ kọ "o" tó bá jẹ́ "tu". Ẹ kàn rántí pé ní Faransé, ọmọ máa ń pe ìyá rẹ̀ ní "tu" láìsí ìjà. Ní ọjà, ẹ lo "vous" fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀kẹta ni iye, tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Kútọnu. Láti 70 sókè ni Faransé ti ń dojú rú fún ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì ronú. Ẹ fi Yorùbá ronú. "Quatre-vingts" ni ogún mẹ́rin, ọgọ́rin tiwa náà ni ogún mẹ́rin. Ibi tí a ti yà sọ́tọ̀ ni pé àwa máa ń wo òkè, a ó sì dín in: àádọ́rùn-ún jẹ́ ọgọ́rùn-ún tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Àwọn máa ń fi lé ìsàlẹ̀: "quatre-vingt-dix", ọgọ́rin àti mẹ́wàá. 75 ni "soixante-quinze", ọgọ́ta àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí tiwa jẹ́ márùndínlọ́gọ́rin. Ẹ ṣe káàdì 30 fún iye nìkan, kí iwájú wọn má ní ìwé kankan, kó jẹ́ ohùn nìkan; ẹ̀yin ni kí ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Ẹ fi iye owó ọjà gidi ṣe é: 1275, 4700, 8590, 12500.

Tí iná bá lọ tàbí ìrìn-àjò bá dé, tí káàdì kó jọ di 200, ẹ má pa áàpù rẹ́. Ẹ sọ káàdì tuntun di 0, kí ẹ máa ṣe àtúnyẹ̀wò 40 lójúmọ́ títí yóò fi tán.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yọrí: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ wo ìṣirò inú áàpù. Tí ẹ bá ń gba 8 sí 9 nínú 10, ó dára. Tí kò bá tó 8, gbólóhùn yín ti gùn jù; ẹ gé wọn sí méjì.

ÌPELE 6: ẸNU (LÁTI ỌJỌ́ 30)

Ẹ kọ́kọ́ dá nìkan ṣe é. Lójoojúmọ́, ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan: ohun tí ẹ jẹ, ibi tí ẹ lọ, iye tí ẹ ná. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti tán, ẹ fi Yorùbá dí i, kí ẹ máa lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́tí sí i, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá wọ̀nyẹn jáde. Ìyẹn ni káàdì yín fún ọ̀la.

Ẹ wá ènìyàn. Ẹni tó dára jù fún Yorùbá ni ará Kétu, Sàkétẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó gbọ́ èdè wa tó sì lọ sí ilé ìwé Faransé: yóò mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣìnà. HelloTalk àti Tandem tún wà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi èdè pààrọ̀ èdè. Ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá láti fi ṣe pàṣípààrọ̀. Àmọ́, ẹni tó bá bi yín léèrè ìyàwó tàbí báńkì kó tó bi yín ní ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹ dí i lọ́nà. Tó bá jẹ́ pé ẹ lè kúrò nílé, abúlé èdè Faransé wà ní Àjàrá, Badagry, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé.

AI tó ń sọ̀rọ̀ ńkọ́? Mo ń lò ó. Ó dára fún ẹni tí ojú ń tì. Àìsàn rẹ̀ ni sùúrù: ó máa ń gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ dípò ohun tí ẹ sọ, kò sì sí ọlọ́kadà kan ní Kútọnu tó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Fún etí, RFI, rédíò ilẹ̀ Faransé, ní ìròyìn kan tí wọ́n ń fi Faransé tó rọrùn kà, "Journal en français facile", ìṣẹ́jú 10 péré. Kò rọrùn tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe sọ o. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 45. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láìka ohunkóhun, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ kọ orúkọ ìlú àti iye tí ẹ gbọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ wo àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbà á sílẹ̀ níbi tí Wi-Fi bá wà, kí dátà má baà jẹ yín run.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà: wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ kíkọ ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n bá rí, pé ojú ń ti àwọn láti sọ ọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n á ti ní ọ̀rẹ́ tuntun, ẹnu á ṣì wà níbi tó wà. Ohùn ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yọrí: ẹ gbọ́ ohùn ọjọ́ 30 àti ti ọjọ́ 60. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ dákẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, ẹ ka ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ fi dí i. Méjèèjì gbọ́dọ̀ ti dín kù.

ÌPELE 7: ÌDÁNWÒ ỌJỌ́ 90

Ẹ pe ẹnì kan lórí fóònù, fún ìṣẹ́jú 5, láìsí fídíò, torí pé ojú àti ọwọ́ máa ń ran ni lọ́wọ́ jù. Kí ẹni náà jẹ́ ẹni tí ẹ ò tíì bá sọ̀rọ̀ rí. Ẹ béèrè iye nǹkan mẹ́ta, ẹ ná ọ̀kan, ẹ ṣàlàyé ìdí tí ẹ ò fi rà á. Ẹ kọ iye tí wọ́n pè sílẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n fi WhatsApp kọ ọ́ ránṣẹ́ lẹ́yìn náà, kí ẹ fi wé e.

Tí ẹ bá dé Kútọnu fúnra yín, ìṣòro mìíràn wà tí áàpù kankan kò lè kìlọ̀ rẹ̀: tí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn yín, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò máa yí sí Yorùbá. Nígbà tí mo padà síbẹ̀, tí mo ní "il faut diminuer un peu", ẹ̀rín ni ẹni tí mo bá ní ìsọ̀ náà kọ́kọ́ rín, ó wá ní, "Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ ò lè ṣe kí ẹ má ná ọjà." Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín sọ Faransé. Wọ́n máa ń gbà, tí ẹ bá ra nǹkan.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó pinnu lórí owó. Tí gbogbo iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, tí wọn ò sì ní kí ẹ tún ọ̀rọ̀ sọ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ẹ máa bá áàpù ọ̀fẹ́ yín lọ. Tó bá jẹ́ B2 tàbí TEF Canada lẹ ń lé, ẹ fi owó tí ẹ bá fẹ́ san fún áàpù wá olùkọ́, bíi ti ilé ẹ̀kọ́ Faransé tí wọ́n ń pè ní Alliance Française, torí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa fi bírò pupa sàmì sí àròkọ yín, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Tí iye bá ṣì ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, káàdì 30 ti ìpele karùn-ún ni kí ẹ padà sí. Tó bá jẹ́ pé àwọn ni ò gbọ́ yín, ìpele kẹta ni. Ẹ má padà sí ẹ̀kọ́ "bonjour", bó ti wù kí ife-ẹ̀yẹ ibẹ̀ máa tàn tó.